Ta Ló Ń Mọ Ògiri Ara Ìwúkàrà?

Bí ènìyàn bá jáde ní ọjà Tejúoṣó, tó fẹsẹ̀ rìn gba inú Yábàá lọ sí ọ̀nà Àkókà, oríṣiríṣi fọ́ńgọ́ọ̀sì ni yóò bá pàdé kó tó dé ibi tó ń lọ. Ìwúkàrà wà nínú ìyẹ̀fun tí àwọn oníbúrẹ́dì pò mọ́jú. Ebu ti gba ara ògiri ilé tí òjò ti rin. Làpálàpá wà lórí ọmọ iléèwé tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fá irun rẹ̀. Nínú afẹ́fẹ́ tí onítọ̀hún ń mí símú pàápàá, irúgbìn ebu tí ojú lásán kò lè rí ń fò kiri. Gbogbo wọn, látorí èyí tó ń mú búrẹ́dì wú dórí èyí tó ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́, ohun kan ni wọ́n jọ fi ń gbé ara ró: ògiri tó yí sẹ́ẹ̀lì wọn ká, tí nǹkan líle kan tó ń jẹ́ káítìn wà nínú rẹ̀.

Ara ènìyàn kò ní káítìn. Ó ní ẹ́ńsáìmù, ìyẹn purotéènì tó ń mú iṣẹ́ kẹ́míkà yá nínú ara ohun abẹ̀mí, tó lè gé e wẹ́wẹ́, ṣùgbọ́n kò ní ẹyọ kan tó lè ṣe é. Ìdí nìyí tí ẹni tó bá ń wá oògùn tí yóò pa fọ́ńgọ́ọ̀sì láìpa aláìsàn fi yẹ kó yà síbi ògiri yìí. Ohun tí àpilẹ̀kọ yìí fẹ́ tú palẹ̀ kò ju mẹ́ta lọ: ta ló ń mọ ògiri náà, báwo ló ṣe ń mọ ọ́n, kí ló sì kan ará Èkó níbẹ̀?

Yábàá kì í ṣe àjèjì sí irú ìwádìí báyìí. Ní ọdún 1925 ni àjọ Rockefeller fi ibẹ̀ ṣe ibùdó fún àwọn tó ń ṣèwádìí ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Adrian Stokes, ọ̀kan nínú àwọn dókítà tó wá ṣiṣẹ́ náà, kó àrùn ọ̀hún, ó sì kú sí Èkó ní 1927. Lónìí, Ilé-iṣẹ́ Ìwádìí Ìmọ̀ Ìṣègùn ti Nàìjíríà, tí gbogbo ayé ń pè ní NIMR, wà ní Yábàá. Yunifásítì Èkó wà ní Àkókà nítòsí, kọ́lẹ́ẹ̀jì ìṣègùn rẹ̀ sì wà ní Ìdí-Àràbà.

Sẹ́ẹ̀lì ìwúkàrà kan kò ju nǹkan bíi máíkírómítà 5 lọ ní fífẹ̀. Bí 200 bá tò tẹ̀lé ara wọn, mìlímítà kan ṣoṣo ni wọn yóò gbà. Ohun tó wà nínú rẹ̀ ki ju omi tó yí i ká lọ, nítorí náà omi kì í yé wọlé sí i, omi ọ̀hún kì í sì í yé tì í síta. Bí kò bá sí ògiri, yóò bẹ́ lójú ẹsẹ̀. Ògiri yìí tóbi débi pé ó lè tó ìdámẹ́rin gbogbo ara sẹ́ẹ̀lì náà bí wọ́n bá gbẹ ẹ́ kí wọ́n tó wọ̀n ọ́n. Èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ ni glúkáànù, tó jẹ́ ṣúgà tó so mọ́ra wọn gùn lọ, àti àwọn purotéènì tí ṣúgà míì bò mọ́lẹ̀. Káítìn kò ju ìdá kan sí méjì nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Ẹni tó bá ti dúró níbi tí wọ́n ti ń da kọnkéré ní Èkó mọ̀ pé ọ̀pá irin kì í pọ̀ tó sìmẹ́ǹtì, síbẹ̀ ilé tí wọ́n bá fi irin rẹ̀ jẹ kò ní pẹ́ wó. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni káítìn rí nínú ìwúkàrà. Nínú àwọn ebu tó ń ta fọ́nrán bíi Aspergillus, ó pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa, ó sì lè kọjá ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún ògiri wọn.

Káítìn kan náà ló wà nínú èèpo edé àti akàn tí wọ́n ń tà ní Mákòkó, àti nínú ìyẹ́ aáyán. Ọmọ ilẹ̀ Faransé kan, Henri Braconnot, ló kọ́kọ́ yọ ọ́ jáde lára olú ní 1811. Ní 1823, Antoine Odier rí i lára kòkòrò, ó sì fún un ní orúkọ tó ń jẹ́ títí dòní. Ó wá di 1929 kí Albert Hofmann tó fi ẹ́ńsáìmù inú ìfun ìgbín tú u wò ní Zurich, tó sì fi bí wọ́n ṣe to ohun inú rẹ̀ hàn: ṣúgà kan ṣoṣo ni, tó jọ glúkóòsì ṣùgbọ́n tó ní náítírójìn lára, tó ń tẹ̀lé ara rẹ̀ lọ ní ọgọ́ọ̀rún tàbí ẹgbẹẹgbẹ̀rún. Ọ̀kọ̀ọ̀kan yí ẹ̀yìn pa dà sí èyí tó ṣáájú rẹ̀, ìyẹn ló sì jẹ́ kí okùn náà nà gbọọrọ láìká kò. Okùn kan á sún mọ́ èkejì, wọn á di ara wọn mú, omi kò ní rí àyè wọ àárín wọn mọ́. Ìdí tí káítìn kò fi í yòrò nínú omi nìyẹn.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti dùn jù ni ti bí wọ́n ṣe ń ṣe é.

 Ẹ́ńsáìmù tó ń ṣe káítìn kì í kàn ṣa ṣúgà nílẹ̀ kó máa so ó pọ̀. Sẹ́ẹ̀lì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ pèsè ṣúgà náà sílẹ̀: yóò mú lára glúkóòsì tó jẹ, yóò gba náítírójìn lọ́wọ́ glutamine fi kún un, yóò tún un ṣe léraléra, níkẹyìn yóò so ó mọ́ ohun kan tó ń jẹ́ UDP. Inú ìsopọ̀ ṣúgà àti UDP yìí ni agbára iṣẹ́ náà wà. Ní Buenos Aires ni Luis Leloir, Enrico Cabib àti Carlos Cardini ti ṣàwárí ṣúgà oní-UDP yìí, ní 1953. Leloir gba ẹ̀bùn Nobel ní 1970 fún irú iṣẹ́ yìí. Ní 1957, Luis Glaser àti David Brown fọ́ sẹ́ẹ̀lì ebu kan tó ń jẹ́ Neurospora, wọ́n da ṣúgà oní-UDP sí ohun tí wọ́n rí nínú rẹ̀, káítìn sì jáde nínú ìgò, láìsí sẹ́ẹ̀lì kankan tó wà láàyè níbẹ̀. Ó wá dájú pé ẹ́ńsáìmù ló ń ṣe é.

Ẹ́ńsáìmù ọ̀hún jókòó sínú awọ fẹ́lẹ́ tó wà lábẹ́ ògiri, ó la awọ náà já láti inú dé ìta. Ọ̀dọ̀ inú ló ti ń gba ṣúgà oní-UDP. Á já ṣúgà gbà, á so ó mọ́ orí okùn tó ti wà lọ́wọ́ rẹ̀, á sì jù UDP nù. Bí ṣúgà tuntun bá ṣe ń wọlé ni okùn náà ń sún síwájú, tó ń gba ihò tóóró kan nínú ara ẹ́ńsáìmù yìí kan náà jáde síta. Ìta ló ti ń bá àwọn okùn ẹgbẹ́ rẹ̀ pàdé, tí wọ́n sì ń le papọ̀. Nítorí náà, kò sígbà kankan tí káítìn líle wà nínú sẹ́ẹ̀lì. Ibi tí wọ́n ti ń lò ó ni wọ́n ti ń ṣe é, lásìkò tí wọ́n ń lò ó gan-an. Èyí ló yẹ kí olùkàwé di mú ṣinṣin, nítorí àwọn ènìyàn máa ń rò pé ògiri sẹ́ẹ̀lì jẹ́ ohun tí wọ́n mọ tán lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ojoojúmọ́ ni iṣẹ́ ń lọ níbẹ̀.

Enrico Cabib kò jáwọ́ nínú ọ̀rọ̀ yìí títí tó fi darúgbó. Ìlú Genoa ní Ítálì ni wọ́n ti bí i ní 1925. Nígbà tí òfin ìkà tí wọ́n ṣe sí àwọn Júù dé, ìdílé rẹ̀ sá lọ sí Ajẹntínà. Ní 1967 ó kọjá sí Amẹ́ríkà, sí ilé-iṣẹ́ ìlera ìjọba ní Bethesda, ó sì fi ìwúkàrà ṣe gbogbo ohun tó fẹ́ ṣe. Ní 1971, òun àti Vladimir Farkas fi hàn pé ẹ́ńsáìmù náà lè wà níbẹ̀ kó máa sùn. Ó di ìgbà tí ẹ́ńsáìmù míì bá gé díẹ̀ lára rẹ̀ kó tó jí dìde síṣẹ́.

Gbogbo ènìyàn ti rò pé ẹ́ńsáìmù káítìn kan ṣoṣo ló wà. Ní 1986, Christine Bulawa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wá jíìnì rẹ̀ rí, wọ́n bà á jẹ́ pátápátá nínú ìwúkàrà, wọ́n sì retí pé káítìn yóò tán, sẹ́ẹ̀lì yóò sì kú. Sẹ́ẹ̀lì kò kú, káítìn kò sì dín. Ẹlòmíì wà tó ń ṣe iṣẹ́ náà. Láàárín ọdún mélòó kan sí i, àwọn yàrá ìwádìí oríṣiríṣi ti rí ẹ́ńsáìmù mẹ́ta nínú ìwúkàrà, wọ́n sì sọ wọ́n ní Chs1, Chs2 àti Chs3.

Láti mọ ohun tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń ṣe, ó yẹ kéèyàn wo bí ìwúkàrà ṣe ń bímọ. Ìwúkàrà inú búrẹ́dì kì í là sí méjì ọgbọọgba. Ọmọ máa ń yọ lára ìyá bí ìgbà tí kókó bá yọ sára igi, á máa tóbi, á sì já nígbà tó bá tó. Kí ọmọ tó yọ rárá, Chs3 á ti dé ojú ibẹ̀, á fi káítìn ṣe òrùka yí ọrùn tí ọmọ yóò gbà jáde ká, kí ọrùn náà má bàa fẹ̀ jù. Òun náà ló ń fi káítìn sára ògiri ibi yòókù. Bí wọ́n bá kó gbogbo káítìn inú ìwúkàrà jọ, bíi mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá ló jẹ́ tirẹ̀. Nígbà tí ìyá bá ti pín ohun tó wà nínú rẹ̀ fún ọmọ tán, Chs2 á dé. Iṣẹ́ rẹ̀ kò pọ̀, ṣùgbọ́n ó ṣe pàtàkì: òun ló ń mọ ìgànná tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń dí ọrùn náà pa láàárín ìyá àti ọmọ. Bó bá ti parí, sẹ́ẹ̀lì á gbé e wọlé, á sì jẹ ẹ́ run. Lẹ́yìn èyí ni ẹ́ńsáìmù kan tó ń gé káítìn á wá ya ọmọ kúrò lára ìyá. Nígbà míì ó máa ń gé jù, ihò á fẹ́ lu. Chs1 ni alátùn-únṣe tó ń dí irú ibẹ̀.

Bí wọ́n bá mú Chs1 kúrò, ìwúkàrà á wà láàyè. Bí wọ́n bá mú Chs3 kúrò, á wà láàyè, òrùka rẹ̀ ni kò ní sí mọ́. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá mú Chs2 àti Chs3 kúrò pọ̀, ìyá kò lè yà kúrò lára ọmọ mọ́, àwọn méjèèjì á sì ṣègbé.

Sẹ́ẹ̀lì kì í fi Chs3 sílẹ̀ kó máa rìn kiri bó ṣe fẹ́. Inú àpò kéékèèké ló ń kó o pamọ́ sí, ó sì ń rán an jáde lásìkò iṣẹ́. Randy Schekman àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ní California wà lára àwọn tó tọpa ìrìn àpò wọ̀nyí ní 1996. Ìmọ̀ nípa irú àpò bẹ́ẹ̀ ló sì gbé Schekman dé ìdí ẹ̀bùn Nobel ní 2013. Ibi tí ọmọ bá ti já máa ń fi àpá káítìn sílẹ̀ lára ìyá, ọmọ kan, àpá kan. Bí wọ́n bá fi aró tó ń jẹ́ calcofluor kan ìwúkàrà, tí wọ́n sì tan iná àrà ọ̀tọ̀ sí i lábẹ́ máíkírósíkóòpù, àwọn àpá náà á máa tàn bí òrùka aláwọ̀ búlúù, kéèyàn máa kà wọ́n. Ìyá kan lè bí ọmọ tó 20 sí 30 kó tó kú.

Nǹkan tún le sí i lọ́dọ̀ àwọn ebu. Aspergillus fumigatus, tó ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́, ní jíìnì mẹ́jọ fún ẹ́ńsáìmù káítìn. Ní 2014, àwọn onímọ̀ kan tẹ̀ ẹ́ jáde pé àwọn ti yọ mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ebu náà sì ń hù. Fọ́ńgọ́ọ̀sì míì tó ń jẹ́ Cryptococcus tún ní ọgbọ́n tirẹ̀: bó bá ti ṣe káítìn tán, ó ń bọ́ nǹkan kan kúrò lára èyí tó pọ̀ nínú rẹ̀, á sì di kaítósáànù, tó rọ̀ díẹ̀ ju káítìn lọ. Èyí tí wọ́n bá gba kaítósáànù lọ́wọ́ rẹ̀ nínú yàrá ìwádìí kò lè pa eku mọ́.

Pípọ̀ tí àwọn ẹ́ńsáìmù yìí pọ̀ ló fi ìdí tí oògùn tó ń kọlu káítìn fi ṣòro ṣe hàn. Ní Jàpáànù ní àárín àwọn ọdún 1960, wọ́n rí oògùn kan tó ń jẹ́ polyoxin lára kòkòrò inú ilẹ̀, àwọn àgbẹ̀ sì ń fọ́n ọn sí ìrẹsì títí dòní. Ní àwọn ọdún 1970, àwọn ará Jámánì rí ìbátan rẹ̀, nikkomycin. Àwọn méjèèjì fara jọ ṣúgà oní-UDP débi pé ẹ́ńsáìmù á gbà wọ́n wọlé, wọn á há sí i lọ́nà ọ̀fun, iṣẹ́ á sì dúró. Èrò tó dára ni. Àmọ́ nínú ìwúkàrà, Chs2 kì í fi bẹ́ẹ̀ gbọ́ràn sí nikkomycin lẹ́nu bíi Chs3, ẹ sì ti rí i pé ẹni kan tó kù nínú wọn lè gba ẹ̀mí gbogbo sẹ́ẹ̀lì là.

Oògùn tó ń bá ògiri jà tí wọ́n ń lò fún ènìyàn kò kọlu káítìn rárá. Caspofungin, tí Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ní 2001, ẹ́ńsáìmù glúkáànù ló ń dá dúró. Abẹ́rẹ́ inú iṣan ni, owó rẹ̀ sì ga. Àwọn onímọ̀ ní Aberdeen ní Scotland sì fi hàn ní 2008 pé bí glúkáànù bá ń tán lára fọ́ńgọ́ọ̀sì kan tó ń jẹ́ Candida, kì í ṣe pé yóò káwọ́ gbera: kíá ló ń pe àwọn ẹ́ńsáìmù káítìn síṣẹ́, wọ́n á sì fi káítìn dí ibi tó ti ṣófo. Èyí tó bá ti dí ògiri rẹ̀ báyìí lè yè bọ́ lọ́wọ́ oògùn náà. Ohun tó yẹ ní ṣíṣe hàn kedere lójú ẹni tó bá ronú sí i: kí wọ́n gbá àwọn méjèèjì mú pa pọ̀. Nínú yàrá ìwádìí, oògùn glúkáànù àti nikkomycin ṣiṣẹ́ dáadáa ju ọ̀kan ṣoṣo lọ.

Ìrètí tuntun dé ní 2022. Ọdún yẹn ni àwọn onímọ̀ fi máíkírósíkóòpù alágbára tó ń lo ẹ́lẹ́kítírọ́ọ̀nù ya àwòrán ẹ́ńsáìmù káítìn látòkè délẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́. Ti Candida albicans wà níbẹ̀, ti Phytophthora sojae tí wọ́n yà ní Ṣáínà sì wà níbẹ̀. Phytophthora kì í ṣe fọ́ńgọ́ọ̀sì ní tòótọ́, ṣùgbọ́n àwọn ìbátan rẹ̀ ló ń sọ èso kòkó di dúdú lórí igi ní ilẹ̀ Òǹdó, àwọn àgbẹ̀ sì mọ ohun tójú wọn ti rí. Nínú àwọn àwòrán náà, ojú ihò tí okùn ń gbà jáde hàn, ibi tí nikkomycin há sí hàn pẹ̀lú. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe oògùn tuntun kò tún ní máa táràrà nínú òkùnkùn.

Kí ló wá kan Èkó? Ní 2014, Rita Oladele, onímọ̀ nípa àrùn fọ́ńgọ́ọ̀sì ní kọ́lẹ́ẹ̀jì ìṣègùn Ìdí-Àràbà, àti David Denning ti Manchester fojú bù ú pé ó lé ní ìdá 11 nínú ọgọ́rùn-ún ọmọ Nàìjíríà tí àrùn fọ́ńgọ́ọ̀sì tó lágbára ń bá fínra lọ́dún. Ní 2017, Oladele àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tún gbé ìwádìí jáde lórí 208 aláìsàn ní Èkó àti Ìlọrin, àwọn tí wọ́n ń tọ́jú fún ikọ́ ife. Ìdá 8.7 nínú ọgọ́rùn-ún wọn ló ní àrùn Aspergillus tó ti pẹ́ nínú ẹ̀dọ̀fóró. Ẹ̀jẹ̀ tó ń bá ikọ́ jáde, ara tó ń rù, àárẹ̀: gbogbo rẹ̀ jọ ti ikọ́ ife. Oògùn ikọ́ ife kò sì lè ṣe ebu ní nǹkan kan, nítorí kòkòrò ikọ́ ife kì í ṣe fọ́ńgọ́ọ̀sì, ògiri tirẹ̀ kò sì ní káítìn. Aláìsàn á lo oògùn fún oṣù mẹ́fà, ikọ́ á ṣì wà níbẹ̀, wọ́n á tún ní kó bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó dun ni pé irú èyí ń ṣẹlẹ̀ sí ẹni tí àyẹ̀wò kan ì bá ti yọ nínú rẹ̀.

Ní oṣù kẹwàá ọdún 2022, àjọ ìlera àgbáyé, WHO, ṣe àkójọ fọ́ńgọ́ọ̀sì 19 tó léwu jù lọ. Cryptococcus neoformans, tó ń fa irú àrùn yírùnyírùn kan lára àwọn tó ní kòkòrò HIV, wà lórí gbogbo wọn. Aspergillus fumigatus àti Candida albicans wà ní ìpele kan náà pẹ̀lú rẹ̀.

Àyẹ̀wò fọ́ńgọ́ọ̀sì tó rọrùn jù lọ, orí agídí káítìn ló dúró lé. Bí wọ́n bá gbé ọmọ tó ní làpálàpá lórí wá, òṣìṣẹ́ yàrá àyẹ̀wò á rọra fi abẹ tí kò mú ha etí ibi tó ń ràn náà, nítorí etí ibẹ̀ ni fọ́ńgọ́ọ̀sì ti ń ṣiṣẹ́ jù. Á gbọn èèpo awọ náà sórí gíláàsì, á sì kán omi pọ́táṣíọ̀mù háídírọ́ksáìdì sí i. Á fi gíláàsì kékeré bò ó, á sì ní sùúrù bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá tàbí ogún. Láàárín àsìkò yẹn, omi líle náà á ti jẹ awọ àti irun ọmọ náà títí wọn yóò fi di ohun tí iná ń là kọjá. Ògiri fọ́ńgọ́ọ̀sì kò ní yòrò. Nígbà tó bá dín iná máíkírósíkóòpù kù, tó sì wò ó, àwọn fọ́nrán á ti hàn ketekete, wọ́n pẹ̀ka, wọ́n ń dán bíi gíláàsì. Bí calcofluor bá wà, wọ́n á tàn yòò, ojú ẹni tí kò tíì mọṣẹ́ pàápàá kò ní fò wọ́n.

Oògùn tí wọ́n máa fún ọmọ náà, griseofulvin, kò ní kan ògiri. Fluconazole tó wà ní àwọn kẹ́míìsì Yábàá, awọ abẹ́ ògiri ló ń bá jà. Kò sí èyí tó burú nínú wọn bí dókítà bá kọ ọ́, ṣùgbọ́n kò sí ọ̀kan nínú wọn tó fọwọ́ kan káítìn tí fọ́ńgọ́ọ̀sì ní tí ara wa kò ní. Àfo tó yẹ kí àwọn ọ̀dọ́ onímọ̀ láti Àkókà dé Ìdí-Àràbà wọ̀ nìyí. Ìwúkàrà kò wọ́n, ẹmu tí wọ́n bá dá láàárọ̀ kún fún un, orí rẹ̀ sì ni Cabib ti rí èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tó rí. Ní ti ilé ìwòsàn, ohun tó yẹ kò ní láti dúró de oògùn tuntun: ẹni tí wọ́n bá yẹ kẹ̀lẹ̀bẹ̀ rẹ̀ wò láìrí kòkòrò ikọ́ ife, tàbí tó lo oògùn rẹ̀ tán tí ikọ́ kò lọ, kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò fún Aspergillus, kí wọ́n sì ya àwòrán àyà rẹ̀, kí wọ́n tó fún un ní oògùn ikọ́ ife lẹ́ẹ̀kejì.